Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Àbúrò Mi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Abẹ́rẹ́ mi tínrín tó ń gún mi láti ọ̀nà jíjìn,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ara òun le. Èmi náà wà bí mo ṣe wà: ẹsẹ̀ ń dùn mí, ẹnu kò dùn mí. Máṣíìnì mi ń sáré. Àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ti di ahun. Ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ṣe láyé ìsinsìnyí kéré débi pé òwú kò rí ibi wọlé mọ́. Àwọn tó ń ṣe gílóòbù náà ti di olè, iná ilé ìránṣọ wa dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Lórí fóònù, bí mo bá ti dé ibi tó dùn, wàá ní, "Bàbá, ọ̀gá mi ń bọ̀." Lẹ́tà kò ní ọ̀gá. Jókòó, kà á tán.

Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Lánàá, mo wà ní ẹ̀gbẹ́ tèmi, àbúrò mi Bọ́tìnnì wà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. O mọ pákó tó wà láàárín wa. Èmi ni mo kàn án lọ́dún tí a bí ọ, kí n má baà máa wo ẹnu rẹ̀ bó bá ń jẹun. Láti ọgbọ̀n ọdún, bí Bọ́tìnnì bá gbàgbé ìwọ̀n ẹnì kan, á kan pákó: "Ẹ̀gbọ́n, ọrùn ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ mélòó ni?" Èmi á dáhùn láìwo ìwé. Iyì àgbà nìyẹn. Lánàá, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra rẹ̀ wọlé, ó gba ọ̀dọ̀ Bọ́tìnnì lọ. Mo gbé etí sókè, mo ń retí kó kan pákó. Kò kàn án. Ó yọ fóònù, ó fi ìka pa á lára bí ẹni ń fọwọ́ pa ológbò lára, ó ní, "Àyà yín, ogójì. Apá yín, mẹ́tàlélógún." Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́ o! Ta ló pàtẹ́wọ́ fún mi rí?

Mo bi í pé, "Bọ́tìnnì, níbo lo ti rí i?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ wa ló bá mi kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀."

Ọmọ wa! Àwa mélòó la jọ bí ọ? Nígbà tí eyín ń hù lẹ́nu rẹ, tí o fi téèpù mi ṣe oúnjẹ, ṣé Bọ́tìnnì ló ra téèpù mìíràn?

Nítorí náà, dáhùn. Kí ni nǹkan yìí? Ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó fi ìwé mẹ́ta sílẹ̀ nílé ìwé tó sáré jáde. Èkejì, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún pákó ni oòrùn ti kọ́kọ́ là?

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Télọ̀ Àgbà, ẹni tí wọn kì í pàtẹ́wọ́ fún.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ bá mi kí Màmá. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Tábìlì mọ́kànlá ló wà ní yàrá wa, fèrèsé kan ṣoṣo, mo sì rẹ́rìn-ín títí gbogbo tábìlì fi yíjú sí mi. Ṣùgbọ́n ìlà lẹ́tà yín ń gun òkè, Bàbá. Ìlà tó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí ìwé. Ṣé orí ẹsẹ̀ lẹ ti kọ ọ́ ni?

Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ ò rántí? Lọ́dún tó kọjá ni. Ẹ ní, "Orí mi ni ìwé mi, kò nílò iná." Bàbá Kékeré gbọ́ láti ẹ̀yìn pákó, òun ló pè mí lọ́jọ́ kejì.

Ẹ rántí ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣe ojú bọ́tìnnì, tó wà ní ìkángun òpópónà wa. Kò sí télọ̀ kan níbẹ̀ tó lè dá a rà, kò sì sí èyí tó ní àyè tó máa gbé e sí. Síbẹ̀ gbogbo yín lẹ ń lò ó. Ẹ ó kó aṣọ lọ, ẹ ó ṣe iye ojú bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fẹ́, iye tẹ́ ẹ ṣe lẹ ó san. Bó bá bàjẹ́, ẹni tó ni ín ló ń tún un ṣe, ẹ̀yin ti sùn. Iṣẹ́ tí à ń ṣe nìyẹn. Àwọn kan kọ́ ilé gbọ̀ngbọ̀nràn, wọ́n kó kọ̀ǹpútà kún un, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Oníṣòwò tí kò lágbára àtira irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ á yá àyè díẹ̀ níbẹ̀, á kó ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sí i, á sì máa ṣí i láti orí fóònù rẹ̀, ibi yòówù kó wà. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ sí i, àyè rẹ̀ á fẹ̀ sí i. Bó bá dín kù, á dá èyí tí kò lò padà. Kíláòdù, ìyẹn àwọsánmà, ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ má wòkè o, ilẹ̀ ló wà. Mo ti wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ó tutù, ariwo rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí ẹgbẹ̀rún télọ̀ bá ń tẹ máṣíìnì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rántí yín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ẹ rántí ọdún tí òrùlé jò sórí ìwé ìwọ̀n yín, tí gbogbo oníbàárà ní láti padà wá dúró fún téèpù? Irú ẹ̀ kò tún ní ṣẹlẹ̀. Ohun tó bá wà ní ilé kan, wọ́n ti dà á kọ sí ilé mìíràn ní ìlú mìíràn. Bí fóònù yín bá já sódò, ẹ gbé fóònù ẹlòmíì, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwọlé yín ṣí i, ìwọ̀n yín á wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní àléébù. Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ ó dúró síta. Bí ẹlòmíì bá sì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín, yóò wọlé bí ẹní wọ ilé bàbá rẹ̀. Torí náà, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ti ṣí yàrá tiyín níbẹ̀, ó kángun sí ti Bàbá Kékeré. Ọ̀gá wa máa ń kìlọ̀ pé ká fún oníkálukú ní àṣẹ tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu nìkan, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì ti ń dára yín lóhùn láti ẹ̀yìn pákó kí n tó mọ̀rọ̀ sọ, ẹbí sì ni yín. Nítorí náà, mo fún ẹ̀yin méjèèjì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ara yín, láti kà àti láti kọ.

Ọmọ yín tí kò ní bàbá méjì,
Abẹ́rẹ́.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Abẹ́rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, ti Bọ́tìnnì náà dé. Tèmi, ojú ewé méjì. Tirẹ̀, mẹ́ta. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó lọ wẹsẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń ṣọ́ ọ o, lẹ́tà náà ló ṣí sílẹ̀.

Mo ti wọ inú ilé tí o wí. Wọ́n ní kí n mú ọ̀rọ̀ ìwọlé tí n kò ní gbàgbé láé. Mo mú orúkọ omidan tí mo fẹ́ fẹ́ kí n tó rí ìyá rẹ. N kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí ìyá rẹ dúró sẹ́yìn mi, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ká aṣọ.

Bọ́tìnnì ló jókòó tì mí nígbà tí mo ń kó ìwọ̀n wọlé láti inú ìwé. Ó ń dá sí i ṣáá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á." "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mẹ́fà nìyẹn àbí òdo?" Mo ní kó padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di òwú ní kókó, òun ló fẹ́ kọ́ mi ní òǹkà! Ènìyàn mọ́kànléláàádọ́rin ló wà ní yàrá tèmi báyìí. Mo yọjú sí tirẹ̀. Méjìléláàádọ́fà! Níbo ló ti rí wọn? Mo rí orúkọ àwọn tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó wọn níbẹ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dùn mí. O mọ Mátírónì, obìnrin tó ń bójú tó àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi rán aṣọ iṣẹ́ wọn. Ó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti dìde, mo ti fi ọwọ́ gbọn àga. Ó kọjá mi! Ó dúró lọ́dọ̀ Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì fi fóònù hàn án: orúkọ nọ́ọ̀sì, àyà, ìbàdí, gíga, gbogbo rẹ̀ tò bí eyín ọmọdé. Mátírónì ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe fẹ́ ẹ, kí àwọn nọ́ọ̀sì má baà máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá dúró fún téèpù ní gbogbo ìgbà. Ó ní kí Bọ́tìnnì kọ́kọ́ rán mẹ́fà. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n á wọ̀ ọ́ wò. Bó bá bá wọn mu, gbogbo ọgbọ̀n nọ́ọ̀sì di tirẹ̀, lọ́dọọdún. Bí kò bá bá wọn mu, ọ̀rọ̀ padà sọ́dọ̀ mi.

Nígbà tó ń jáde, ó wá rántí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìsinmi." Ìsinmi! Mo di abẹ́rẹ́ mẹ́ta mú lẹ́nu, ó ń kí mi kú ìsinmi!

Ìbéèrè kékeré kan kó tó di pé mo fi òǹtẹ̀ lé e. Bí ènìyàn bá kọ ohun tí kò tọ́ sínú ilé yẹn, ká ní ìbàdí ẹnì kan ló ṣì kọ, ṣé ilé náà á mọ̀? Mo kàn ń bèèrè ni o. Ẹni tó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ á máa bèèrè.

Bàbá rẹ tí wọ́n ní ó ń sinmi.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra. Ojú ewé mẹ́ta tí mo kọ sí Bàbá Kékeré, ojú ewé kan àbọ̀ níbẹ̀, mo fi ń bẹ̀ ẹ́ nítorí yín ni. Mo ní kó máa fi sùúrù bá yín kó ìwọ̀n wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó bá dé ẹ̀gbẹ́ kan pákó, ilé kan náà ló dé.

Ìbéèrè yín dára. Rárá, ilé náà kò mọ̀. Kò mọ ìbàdí yàtọ̀ sí ọrùn. Ohun tí ọwọ́ bá kọ ni yóò tọ́jú, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń kọ ọ́ fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ìyókù wà lórí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ń bọ̀. Mo máa kọ ọ́ ránṣẹ́.

Abẹ́rẹ́ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin

Abẹ́rẹ́ mi, ọmọ tó mọ bàbá rẹ̀,

Ayé dára. Ìyá rẹ dára. Lẹ́tà rẹ kúrú, ṣùgbọ́n ó kún. Mo ti gba ìmọ̀ràn rẹ, mo ti fi Bọ́tìnnì sílẹ̀. Kódà mo ń gbàdúrà fún un. Láàárọ̀ àná, mo ní, "Àbúrò, Ọlọ́run á ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yìí bó ṣe yẹ kó rí." Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín yá?"

Mo ti wá mọ fóònù lò. Ìka mi ti rọ̀. Bí Bọ́tìnnì bá lọ jẹun ọ̀sán, mo máa ń jókòó jẹ́jẹ́, mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ nínú ilé tí o kọ́ fún wa. Ohun tó dára ni o, ọmọ mi. Kò ní ariwo. Kò ní ẹnu.

Má ṣe ìyọnu láti kọ ìyókù ọ̀rọ̀ yẹn. Èyí tí mo mọ̀ tó mi.

Bàbá rẹ aládùúrà.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín.

Ìyókù ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ní kí n má kọ nìyí. Ilé náà kò mọ̀ bóyá ìwọ̀n tọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó kọ ọ́. Bí ènìyàn bá pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀ tó kọ òmíràn lé e, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ kò kúrò. Ó wà lábẹ́ rẹ̀ bí aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ ṣe ń wà lábẹ́ ẹ̀wù, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yí i padà, ọjọ́, àti wákàtí.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo máa ń yẹ yàrá yín wò. Lọ́jọ́ kẹta oṣù yìí, láàárín aago méjì sí aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, nígbà tí Bàbá Kékeré lọ jẹun ọ̀sán, ẹnì kan wọ yàrá rẹ̀. Ó fi ínṣì mẹ́rin kún ìbàdí nọ́ọ̀sì mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ ni Télọ̀ Àgbà.

Mo fi ìka kan ṣoṣo dá gbogbo ìwọ̀n náà padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ṣùgbọ́n mo pẹ́. Ilé náà sọ fún mi pé Bàbá Kékeré ti ṣí ojú ewé náà láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà. Ọjọ́ kẹfà ló sì ní òun máa gé aṣọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ohun tí sísọ́ọ̀sì bá ti bá sọ̀rọ̀ kì í dáhùn mọ́.

Mo pe fóònù yín lẹ́ẹ̀mẹrin. Màmá ní ẹ ní kí òun sọ pé ẹ wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo gbé fóònù láti pe Bàbá Kékeré, mo tún gbé e sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? "Bàbá Kékeré, ẹ má gé aṣọ, bàbá mi ti..." N kò lè parí ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó parí ẹ̀, lójú rẹ̀, kí ọjọ́ kọkàndínlógún tó pé.

Bàbá Kékeré kò kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ẹ̀yin lẹ fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú nọ́ọ̀sì, ọwọ́ ta ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Ohun kan kù. Ẹ wọ yàrá tiyín, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ tẹ ibi tí mo fi àmì aago sí lókè, ẹ ó rí àwọn tó ti yí nǹkan padà níbẹ̀. Èmi náà kò tẹ ibẹ̀ rí ní yàrá tiyín títí di òní. N kò ní sọ ohun tí mo rí. Ẹ fi ojú ara yín kà á, bí ojú náà bá gbà.

Abẹ́rẹ́.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Abẹ́rẹ́ mi,

N kò tíì rí lẹ́tà kankan gbà. Ó dára bẹ́ẹ̀, n kò bínú. Ọ̀la ni ọjọ́ nọ́ọ̀sì. Mo ti lọ ẹ̀wù mi funfun, mo ti nu bàtà. Bọ́tìnnì ní kí ló ń gbé mi lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí, ṣé kí n má wá bá ọ yọ̀ ni?" Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ wá, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá."

Oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu láti àárọ̀. Oòrùn ni, bóyá.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Lónìí n kò ní pè ọ́ ní Abẹ́rẹ́. O ti gún mi tó.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ́fíìsì Mátírónì kéré: bẹ́ǹṣì kan, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn aláìsàn, àti aṣọ ìkélé aláwọ̀ ewé. Mo jókòó, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo ti ní ọ̀rọ̀ ìtùnú lẹ́nu: "Ó mà ṣe o, àbúrò mi. Ọwọ́ kì í ṣe ohun tí à ń rà." Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́fà bọ́ sẹ́yìn ìkélé. Èyí àkọ́kọ́ jáde. Aṣọ jókòó sí i lára bí èèpo ṣe ń jókòó sára ọsàn. Mo ní ẹyọ kan nìyẹn. Èkejì jáde, ẹ̀kẹta, títí dé ẹ̀kẹfà. Mátírónì ní kí wọ́n yí po, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n na ọwọ́ sókè. Kò sí ibi tó fà, kò sí ibi tó tú. Mátírónì ní, "Bàbá Bọ́tìnnì, ẹ bá mi parí ọgbọ̀n." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. N kò mọ ẹni tó rán ọwọ́ mi níṣẹ́.

Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń bínú padà wálé. Mo ní ilé tí ọmọ mi kọ́ yìí ti purọ́ fún mi. Mo kọ mẹ́rin, ó gbé mẹ́rin jù nù.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ náà ni lẹ́tà rẹ dé. Mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sínú oòrùn, mo nà án jìnnà sójú kí n tó lè kà á. Mo tẹ ibi tí o ní kí n tẹ̀. Ọmọ mi, orúkọ Bọ́tìnnì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógójì. Ní yàrá mi! Inú kọ́kọ́ bí mi, mo ní olè rèé, òun náà ń ṣe mí bí mo ṣe ṣe é. Mo wá kà á. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́: mo kọ ọrùn mẹ́wàá, Bọ́tìnnì yí i sí mẹ́rìndínlógún. Ọrùn mẹ́wàá! Adìyẹ ló ní ọrùn mẹ́wàá. Onígbàjámọ̀: mo kọ ṣòkòtò rẹ̀ ní mẹ́rìndínláàádọ́ta, Bọ́tìnnì yí i sí ogójì. À bá ti máa fi ṣòkòtò gbálẹ̀ kiri ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń kà lọ, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan. Gbogbo àwọn tó ti wá yìn mí láti oṣù méjì, tí wọ́n ní ọwọ́ mi kò yẹ̀, Bọ́tìnnì ló ń tún un ṣe kí n tó gbé sísọ́ọ̀sì.

Mo wá lọ gbé ìwé ìwọ̀n mi àtijọ́. Mo ti máa ń rí àmì pẹ́ńsù kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òǹkà kan, mo rò pé èmi ni mo fà wọ́n. Mo gbé ìwé náà sún mọ́ oòrùn. Kì í ṣe ọwọ́ mi, ọwọ́ Bọ́tìnnì ni. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ti àkọ́kọ́.

Mo wọlé. N kò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo kan pákó. Èmi! Láti ọgbọ̀n ọdún, èmi kọ́ ló ń kan pákó.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní, "O mọ̀."

"Mo mọ kí ni?"

"Nọ́ọ̀sì mẹ́fà."

Ó dá máṣíìnì dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì mẹ́fà sanra lọ́jọ́ kan náà, ínṣì mẹ́rin mẹ́rin, kí ni wọ́n jẹ? Èmi ni mo fi téèpù wọ̀n wọ́n. Ta ló kọ́ mi pé kí n tún wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gé e?"

"Kí ló dé tí o kò pariwo?"

"Mo ń dúró bóyá ẹ ó sọ fún mi kí ọjọ́ tó pé. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ wá. Mo ní bóyá lọ́nà."

"Ojú mi ńkọ́? Ọdún mẹ́rin! Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ó ní, "Ta ló máa sọ fún yín? Ẹni tó bá sọ pé òkùnkùn ṣú, ẹ ó ní oníṣẹ́ gílóòbù ló jalè. Mo ní bí mo bá rọra ń tún un ṣe, ẹ ó ṣì jẹ́ Télọ̀ Àgbà."

Mo jókòó sórí àga oníbàárà rẹ̀. Mo dákẹ́, èmi tí ẹnu kì í dùn.

Ọjọ́ kejì ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ọkùnrin náà gbé àwòrán lẹ́tà síwájú mi, ó ní kí n ka ìlà tó wà nísàlẹ̀. Mo ní, "Ìlà wo?" Bọ́tìnnì rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi lé e síta. Wọ́n ń bá mi ṣe awò. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé, dókítà sì ní n kò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan títí di ìgbà náà. Wàá ti rí i pé ìlà lẹ́tà yìí tọ́, kò gun òkè. Èmi ni mo ń sọ ọ́, Bọ́tìnnì ló ń kọ ọ́. Ìgbà tí mo dé ibi ínṣì mẹ́rin, ojú tì mí, ó ní kí n máa bá a lọ, ọwọ́ òun ń dúró.

Mo sọ fún Mátírónì fúnra mi pé ọgbọ̀n nọ́ọ̀sì, Bọ́tìnnì ni kó gé wọn. Èmi á máa tẹ máṣíìnì. Ẹsẹ̀ kò nílò awò.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Ọ̀gá yín tó ń kìlọ̀ yẹn, òótọ́ ló sọ. Gba kọ́kọ́rọ́ yàrá àbúrò mi lọ́wọ́ mi. Jẹ́ kí n máa kà á, má jẹ́ kí n kọ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yàrá tèmi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kó wà níbẹ̀, kó máa wọlé, kó máa jáde.

Má sì rò pé gbogbo ẹ̀ ti tán o. Lẹ́tà rẹ tó ń bọ̀, mo máa ka ojú ewé rẹ̀ àti ti Bọ́tìnnì. Mo máa ní awò nígbà náà.

Bàbá rẹ, Télọ̀ Àgbà.

Ọmọ mi, Bàbá Kékeré rẹ nìyí. Gbogbo ohun tó sọ ni mo kọ bó ṣe sọ ọ́, àfi ibì kan. Níbi tó ti jókòó sórí àga oníbàárà mi, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun rẹ́rìn-ín. Mo tún un ṣe.